Mo Fi Ọjọ́ Ayé Mi Ṣọ́ Igún

Bí a bá bi àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì ní Pobè lónìí pé iṣẹ́ wo ló wù wọ́n, ọ̀kan á ní òun fẹ́ di dókítà, èkejì á ní iṣẹ́ aṣọ́bodè lòun ń wò, ẹ̀kẹta á ní òun fẹ́ máa kó ọjà wá láti Nàìjíríà. N kò tíì gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo tó ní òun fẹ́ ṣọ́ igún. N kò dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí wọn, èmi náà kò ro irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn, láti ìgbà tí irun mi ti dúdú títí tó fi funfun. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ohun tí ẹ ó fi ọwọ́ yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n ròyìn tèmi.

Fẹlisité Adéòtí ni orúkọ mi. Ìyá Onígún ni wọ́n ń pè mí láti Yoko títí dé Igana. Èébú ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di orúkọ, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Sakété ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi kú nígbà tí n kò tíì mọ ojú rẹ̀ dáadáa, àbúrò rẹ̀ ló sì gbà mí tọ́. Tàntí Àbẹ̀kẹ́ ni mo ń pè é. Lẹ́kùlẹ́jà ni nínú ọjà Sakété: èèpo igi, egbò, ìkarahun, ọ̀gà gbígbẹ, ìyẹ́ ẹyẹ, gbogbo ohun tí àwọn aṣèwòsàn ń wá ni ẹ ó bá lórí àtẹ rẹ̀. Àárín òórùn èèpo àti egbò ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé. Obìnrin tí kò rojọ́ ni. Bí mo bá ṣàìsàn, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi ni ilẹ̀ yóò ti mọ́ bá a.

Nígbà tí mo ṣe tán ní ilé ìwé, wọ́n ní àwọn aṣọ́gbó ní Pobè ń wá ẹni tó gbọ́ Ànàgó, tó gbọ́ Gùn, tó sì lè kọ Faransé. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Iṣẹ́ náà kò sọ mí di olówó, kò sì fi ebi pa mí. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Igún tí mo ń wí yìí, nígbà èwe mi, kò sí ibi tí kò sí. Wọ́n máa ń tò sórí òrùlé àwọn alápatà bí àgbààgbà tó ń dájọ́. Ta ni yóò rò pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lè tán? Ṣùgbọ́n wọ́n ń tán. Àwọn igi ńlá tí wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́ sí ń ṣubú fún pákó, májèlé wà nínú òkú ẹran tí wọ́n ń jẹ, orí wọn sì di ohun tí àwọn kan ń rà láti fi ṣe àgúnmu. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lọ́dún. Bí ẹyin yẹn bá bàjẹ́, ó di àmọ́dún. Ẹyẹ tí ń bímọ lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, bí wọ́n bá ń pa á lọ́pọ̀, kò lè dí àlàfo náà.

Ní Ahoyéyé, igbó kékeré kan wà lórí ilẹ̀ ẹbí Bàbá Ìdòwú. Àràbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ìrókò díẹ̀. Lórí àwọn igi wọ̀nyẹn ni igún ti ń pàdé ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn láti tẹ́ ìtẹ́, tí wọ́n á yé, tí wọ́n á pamọ, tí wọ́n á tọ́ ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n fi mí sí, lábẹ́ Ọ̀gá Ọdẹ́wálé.

Ọmọ ọdẹ ni ọ̀gá mi, ará Igana, ó ga, ó rí pẹlẹbẹ bí ẹni tí wọ́n fi àdá gbẹ́. Ó ti yìnbọn títí kó tó gbé ìbọn kalẹ̀ di aṣọ́gbó. Bí ẹ bá rí ọ̀gá tó le, ẹ kò tíì rí tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí gèlè pupa lábẹ́ igi. Kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ olóòórùn dídùn. A kì í nàka sí ìtẹ́. A kì í dúró sí ibi tí òjìji wa yóò ti bọ́ sí ojú ẹyẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀ sọ òkò sí ọ̀bọ kan lábẹ́ àràbà. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó kàn mú kẹ̀kẹ́ ọmọ náà wá fún un, ó fi ọ̀nà Pobè hàn án. A kò rí i mọ́.

Èmi, ó mú mi lọ sábẹ́ igi, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó dé, ó bi mí pé, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Mo rí igún, ọ̀gá."

Ó ní, "Gbogbo ayé ló ń rí igún. Kí ni ìwọ rí?"

 Lọ́jọ́ kejì ó tún dá mi padà síbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló ń bi mí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ìdáhùn mi kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀yìn mi ń dun mí, èèrùn ń jẹ mí, mo máa ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́ tí mo bá ń lọ sílé. Tàntí á gbé oúnjẹ fún mi, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lọ́jọ́ kan, mo rí ọ̀kan nínú wọn tó sàba lé ẹyin. Ojú igún kì í ní irun, bí ẹ ṣe mọ̀, ó sì máa ń rí ràkọ̀ràkọ̀ bí awọ tó ṣá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi pupa bí ata. Nígbà tí ọ̀gá mi dé tó bi mí, mo ní, "Ẹyẹ yẹn ń bínú. Ohun kan wà lẹ́yìn wa tí kò fẹ́." Ó yí padà, ó wọ inú igbó lọ, ó sì bá àwọn ọkùnrin méjì tó ti gbé ayùn sídìí ìrókò. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, wọ́n lọ. Nígbà tó padà, ó wò mí díẹ̀. Ó ní, "Ó yá, a lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wàyí." Ìyìn tó fi yìn mí ní gbogbo ayé rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi ni aṣọ́gbó ń ṣọ́. Ènìyàn ni. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó mọ bí a ti ń wọlé sí ènìyàn lára. Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn abọ̀rìṣà, ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wọn ló máa ń rán wọn létí. Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ tó ń sọ pé ẹyẹ àjẹ́ ni igún, yóò bi wọ́n pé bí Ọlọ́run ló dá àdàbà, ta ló dá igún? Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní bí o bá bá àgbẹ̀ jà lónìí, lọ́la ẹ̀yìn rẹ ni yóò ti gé igi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọdún tí ohun gbogbo fẹ́ bàjẹ́.

Ọyẹ́ mú púpọ̀ lọ́dún náà. Èmi àti ọ̀gá mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ahoyéyé láàárọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Kí a tó dé igbó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró. Ó ní, "Ṣé o gbọ́?" Mo tẹ́tí, mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Ohun tí mo ń wí nìyẹn." Òótọ́ ni. Ìró ìyẹ́ tó máa ń pàdé wa lọ́nà kò sí.

Òkú ewúrẹ́ kan wà létí oko, wọ́n ti la ikùn rẹ̀, wọ́n da oògùn apakòkòrò sí i. Àwọn igún wà nílẹ̀ káàkiri lábẹ́ àràbà, àwọn mìíràn na ìyẹ́ gbalaja bí aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n ti gé orí wọn lọ. Bàbá Ìdòwú tó ni ilẹ̀ bá wa níbẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Ohun tí wọ́n fi kọ́ bàbá òun nìyẹn, ohun tí bàbá òun fi kọ́ òun nìyẹn, òun kò sì mọ ẹni tó gbàgbé láti kọ́ ọmọ tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ohùn kan lókè. Ọmọ igún kan ń bẹ láàyè nínú ìtẹ́. Ó ń yọ orí síta, ó ń ké tẹẹrẹ, ó ń wá àwọn òbí rẹ̀ tó wà nílẹ̀ níwájú wa. Bàbá Ìdòwú ránṣẹ́ pe àwọn tó ń gun ọ̀pẹ, wọ́n dé pẹ̀lú igbà wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ni igbà mọ̀. Kò sí igbà tó gùn tó láti yí àràbà yẹn po, ẹ̀gún sì bo ara igi náà láti ìdí.

Ọ̀gá mi bojú wò mí. Ó ní, "Orí tí wọ́n gé, ọjà ló lọ. Ìwọ lo mọ ọjà."

Mo mọ ibi tí n ó kọ́kọ́ yà.

Mo bá Tàntí Àbẹ̀kẹ́ ní ìdí àtẹ rẹ̀. Ó wo eruku tó bò mí, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.  Mo bi í pé ṣé wọ́n gbé orí igún wá lónìí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í to egbò tó ti tò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Adéòtí, orí àtẹ yìí ni aṣọ ilé ìwé rẹ ti jáde. Ṣé o wá mú mi ni?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Rárá, Tàntí. Mo wá sọ fún yín pé oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi pa wọ́n. Ó wà nínú orí tí ẹ rà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí egbò. Ó ní òun rò pé wọ́n kú fúnra wọn ni, bíi ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé òun ti ta ọ̀kan. Obìnrin kan láti Yoko, tí òun mọ agbo ilé rẹ̀, ló rà á láàárọ̀, nítorí gìrì tó ń mú ọmọ rẹ̀. Yóò lọ̀ ọ́, yóò pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu, yóò fún ọmọ náà.

Kò ká àtẹ rẹ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dìde. A pe zẹ́mijàn, àwa méjèèjì jókòó lẹ́yìn alùpùpù kan, Tàntí di ẹ̀wù mi mú, ó ní kí ọlọ́kadà má bínú, kó sáré sí i.

Nígbà tí a wọ agbo ilé náà, obìnrin náà jókòó lórí àpótí, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, abọ́ ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹ kí ó tutù. Tàntí kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba abọ́ náà, ó dà á sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn bò ó. Obìnrin náà bínú dìde. Ìgbà náà ni Tàntí, tó lè bí i lọ́mọ, fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí mo tà fún ọ lè pa ọmọ rẹ. N kò mọ̀ nígbà tí mo ń tà á. Mo ti mọ̀ báyìí."

A jọ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ibà ló ń dà á láàmú, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì yè. Ọkùnrin ni, ó ti ní ìyàwó báyìí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Tàntí ní kí n mú òun lọ wo ibi tí wọ́n ti pa wọ́n. Mo mú un lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá mi àti Bàbá Ìdòwú ti rì àwọn ẹyẹ náà mọ́lẹ̀ kí ajá má baà jẹ nínú wọn. Ohun tó kù ni ohùn ọmọ igún yẹn lókè. Tàntí jókòó, ó ń gbọ́ ọ. Ó bi mí pé ṣé kò sí ohun tí a lè ṣe. A ti gbìyànjú. A so ẹran mọ́ orí ọparun, kò ga tó. A gbé ẹran sílẹ̀ bóyá igún mìíràn yóò wá, kò sí èyí tó wá. Ohùn náà ń rẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí a dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a kò gbọ́ ọ mọ́, Ọ̀gá Ọdẹ́wálé, tí n kò rí kó fìdí kanlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rí, jókòó sórí gbòǹgbò àràbà, kò sì dìde títí oòrùn fi kàn tàrí.

Tàntí lọ bá àwọn lẹ́kùlẹ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀, ti Sakété àti ti Pobè. Wọ́n gbà mí láàyè láti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, kò fi ti abọ́ ẹ̀kọ pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ gbogbo wọn. Ọ̀kan bi í pé ṣé ọmọ rẹ̀ aṣọ́gbó ló rán an níṣẹ́.

Ó dáhùn pé, "Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Èmi ni ará ilé tó ń jẹ kòkòrò. Ọmọ mi ló sọ fún mi. Èmi náà ń sọ fún yín."

Wọ́n jiyàn, wọ́n tún jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ Yoko yẹn ló borí. Wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá ra orí igún kò ní pàtẹ láàárín wọn mọ́. Òfin ìjọba ti wà lórí ìwé tipẹ́, ṣùgbọ́n òfin ọjà ló ní ojú. Ẹni tó pa àwọn ẹyẹ náà gbé ọjà rẹ̀ kiri, kò sí ẹni tó gbà á. Ibi tó ti ń gbé e kiri ni àwọn jandáàmù, ọlọ́pàá ìgbèríko, ti mú un. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé láàárín wa, wọn kò sì ṣẹ̀ mí. Tàntí náà pàdánù lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Èèpo igi àti egbò nìkan ló tà títí ó fi dàgbà jù fún ọjà. Kò sọ ọ́ rí pé èmi ló fà á.

Àwọn ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, òfìfo ni igbó náà wà. Ìtẹ́ àtijọ́ ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì ní kí ni a tún ń ṣọ́ níbẹ̀? Ọ̀gá Ọdẹ́wálé ní bí ilé bá dahoro, tí a bá wó o, níbo ni onílé yóò padà sí? Nítorí náà a ń ṣọ́ igi lásán. Iṣẹ́ tó nira jù nínú iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi: láti máa lọ lójoojúmọ́ sí ibi tí ohunkóhun kò ti ṣẹlẹ̀. A bá àwọn alápatà Pobè sọ̀rọ̀, wọ́n ń ya ìfun àti egungun tó mọ́ sọ́tọ̀, a ń gbé e lọ sí pápá tó kọjú sí igbó.

Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì kí àwọn igún tó padà. Mo rí igún méjì tó ń yí po lókè àràbà, ọ̀kan gbé ewé tútù sẹ́nu. Igún kì í jẹ ewé. Inú ìtẹ́ ló ń tẹ́ ẹ sí. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Igana lọ sọ fún un. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́. Ó ní kí n tún ewé náà sọ. Mo tún un sọ. Ó ní irú ewé wo ni? Mo dárúkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi mu.

Irinṣẹ́ ti yí padà púpọ̀ láyé mi. Ojú lásán ni a fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wa ní jimẹ́ẹ̀lì, awò tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni; ọ̀gá mi kò fọwọ́ kàn án fún ọdún kan gbáko, ó ní ó ń jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ di alùpùpù. Fóònù dé, àwọn àgbẹ̀ Ahoyéyé sì ń pè mí bí wọ́n bá rí àjèjì tó gbé ayùn. Ní ìparí iṣẹ́ mi, ọ̀dọ́bìnrin kan tó kàwé nípa ẹyẹ ní Yunifásítì wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, tó ń ya àwòrán. Ẹ̀rù bà mí pé yóò lé wọn. Ó ní òun náà ń bẹ̀rù ìyẹn. A jọ dúró títí àwọn igún fi lọ jẹun, ó rán ẹ̀rọ náà lọ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì tètè pè é padà.

Ó fi àwòrán náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ewé tútù ni wọ́n tẹ́, ẹyin kan wà ní àárín, ó funfun, ó ní àmì aláwọ̀ ilẹ̀ pupa níbi tó tóbi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ ẹyin igún, n kò fojú kan ọ̀kan rí. Ọ̀gá mi kú láì rí i. Mo di fóònù náà mú, n kò fẹ́ dá a padà. Ọmọbìnrin náà mọ̀, ó yíjú sí ọ̀nà mìíràn.

Ẹ ó bi mí pé ṣé iṣẹ́ tó dára ni. Èmi kò mọ bí a ti ń dáhùn ìyẹn. Àwọn igún tó wà ní Ahoyéyé lónìí kò tíì pọ̀ tó ti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò ní tún pa wọ́n lọ́la. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ kan wà tí èrè rẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀: igi kò ṣubú, ẹyin kò fọ́, ọmọ kò mu ẹ̀kọ. Bí ẹ bá lè fara da irú èrè bẹ́ẹ̀, ẹ wá.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ ra ata ní ọjà Pobè. Igún kan sọ̀ kalẹ̀ nítòsí àwọn alápatà, ó ń rìn gátagàta láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ọmọdé kan sáré sí i pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Kí n tó lanu, ìyá rẹ̀ ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀dọ́ ni obìnrin náà, kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ará ibí ni."

Ó sì yíjú padà sí ẹran tó ń ná.